Ọ̀pá Tí Mi Ò Lè Gbé Kan Ìyá Mi

Ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà,
Ẹ̀bá Ojú Irin,
Ifọ̀.

Bámidélé, Àlàó ọmọ mi,

Kò sẹ́ni tó kú o. Mo fi èyí ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ bí àyà ṣe ń já ẹni tó wà lájò tó bá rí i pé lẹ́tà ilé nípọn. Ìyá rẹ wà, àwọn àbúrò rẹ wà, Ìyá Àgbà wà ní Mowe, wọ́n ṣì ń bá adìẹ jà lórí àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn. Èmi náà wà. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń fa ayùn ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ayọ̀ ni. O ní ẹ̀kọ́ rẹ ti ń parí lọ, o ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe àga àti tábìlì ti sọ pé àwọn yóò gbà ọ́ síṣẹ́ bí o bá ti gboyè. Ìyá rẹ jó yí ilé po, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà, mo tún un kà. Lẹ́yìn tó jáde lọ sọ fún àwọn aládùúgbò, mo dá jókòó, mo tún fara balẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wọ̀ mí lára. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Kápẹ́ńtà kì í fi pẹ́ńsùlù ṣòfò. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan yìí, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà tí o ti wọkọ̀ ojú omi ní Àpápá lọ sílùú òyìnbó ni àwọn èèyàn Ifọ̀ ti ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń kọ́. Ọmọ ẹnì kan lọ kọ́ òfin, ọmọ ẹlòmíràn lọ kọ́ ìṣègùn, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Tìrẹ ló ń dà mí láàmú. Alàájì Ràímì tó ní lọ́rì kò jẹ́ kí n sinmi.

“Bàbá Délé, ṣé kápẹ́ńtà náà ni?”

“Kì í ṣe kápẹ́ńtà, Alàájì.”

“Ṣé ayàwòrán ni?”

“Ó ń yàwòrán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayàwòrán.”

“Ó dáa, Ọlọ́run á jẹ́ kó yé ẹ̀yin náà.”

Ó ti wá yé mi díẹ̀ báyìí. O ní ọdún àkọ́kọ́, kìkì yíyàwòrán ni: ṣíbí, ìkòkò, ọwọ́ ènìyàn, títí ojú rẹ fi kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan. Ọdún kejì, wọ́n kó yín wọ ibi iṣẹ́, ẹ gé igi, ẹ tẹ irin, ẹ yọ́ ike, kí ẹ lè mọ èyí tó ń ṣẹ́ àti èyí tó ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kan náà láìsinmi. O ní kí ẹ tó ṣe ojúlówó, ẹ máa ń kọ́kọ́ fi amọ̀ tàbí páálí ṣe ayédèrú rẹ̀, bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́, kí àṣìṣe lè jáde lára amọ̀ kó tó dé ara irin. Gbogbo èyí dára. Mo ka gbogbo rẹ̀, orí mi wú.

Ibi tí o ti ní ẹ tún ń kọ́ nípa ara ènìyàn ni mo ti dá kíkà dúró. O ní olùkọ́ yín sọ pé ohun èlò tí kò bá mọ ara ènìyàn, ọ̀tá ènìyàn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ní wọ́n wá tẹ́ bébà ńlá sílẹ̀, wọ́n ní kí o dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ọ ká láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá gbé ọ̀pá ìwọ̀n, wọ́n wọ̀n ọ́. Ìwọ ń fi ṣe ẹ̀rín nínú lẹ́tà. O ní ẹsẹ̀ rẹ gùn ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Èmi ò rẹ́rìn-ín o, Àlàó. Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Kò tán síbẹ̀. Ní ìparí lẹ́tà, o ní iṣẹ́ àṣejáde rẹ, èyí tí wàá fi gboyè, yóò jẹ́ àga fún àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, àga tí wọn yóò lè dìde lórí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fà wọ́n. O ní láti ọjọ́ tí o ti gbọ́ pé Ìyá Àgbà ṣubú ni o ti pinnu pé tiwọn ni ìwọ yóò ṣe. O wá ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀pá ìwọ̀n yín, kí ẹ bá mi wọn Ìyá Àgbà.”

Ọmọ mi, ìwọ tí a bí sínú ìyẹ̀fun pákó, ṣé o ti gbàgbé ni? Ọ̀pá yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó bí ọ. Mo fi ń wọn ilẹ̀kùn, mo fi ń wọn fèrèsé, mo fi ń wọn àga. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kan ṣoṣo tí kápẹ́ńtà ń gbé ọ̀pá kàn, ara tí kò lè dìde mọ́ ni. Wọn yóò wá pè mí, n ó wọlé, n ó tẹ́ ọ̀pá lé ẹni náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, n ó wọn èjìká, n ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó. Lẹ́yìn náà ni mo máa kan pósí. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tí oníbàárà bá fẹ́ àga, igi là ń wọ̀n, a kì í wọn ìdí. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní ṣebí télọ̀ ń wọn èèyàn láràárọ̀, ó ní kí n lọ yá téèpù. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni yóò mú téèpù náà, ṣé kì í ṣe ọwọ́ kápẹ́ńtà kan náà? Ó ní kí n jẹ́ kí télọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Mo ní télọ̀ ń wọn ìbàdí àti apá fún aṣọ. Ẹni tó bá wọn èèyàn láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ tiwa ló ń ṣe. Ó wò mí títí, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe òfin iṣẹ́.

Wàyí o, ìmọ̀ràn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ, kí o yan èyí tí yóò wúlò.

Èkínní, má fi ara rẹ fún ẹnikẹ́ni wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀ mọ́. O mọ ìtàn Sùnmọ́nù, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Mi ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ rí. Àgbẹ̀ kan wá láti Ọ̀fàdà, ó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ga, ó sanra, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ọ̀gá kò sí nílé. Ó na ara rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ní, “Ẹ wọ̀n mí o, ẹ̀yin ọmọ kápẹ́ńtà, kí n mọ ibi tí mo ga dé.” Sùnmọ́nù gbé ọ̀pá, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sára pákó, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá dé tó rí ìkọ̀wé náà, kò na ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú pákó náà, ó fá a títí ìkọ̀wé fi lọ, ó tún ń fá a lọ títí pákó fi fẹ́lẹ́.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ejò fi bu ọkùnrin náà jẹ lóko. Ejò ni. Mo mọ̀ pé ejò ni, ejò kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀pá ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ní ká kan pósí, ọ̀gá kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ọ̀fàdà láti lọ wọ̀n ọ́n. Ó kàn wo Sùnmọ́nù. Sùnmọ́nù sì ka ìwọ̀n náà jáde látorí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Pósí náà bá a mu rẹ́gí. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ, n kò sì ní bá ọ jiyàn nípa rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà ọ́ sí yẹn, jọ̀wọ́, lọ nu ìlà náà kúrò. Nu ún fún mi. Tí wọ́n bá tún fẹ́ wọ̀n ọ́, sọ fún wọn pé ìdúró ni bàbá rẹ fọwọ́ sí.

Ìkejì, má ṣe gba ìwé gbọ́ ju ilé lọ. Gbogbo ìdílé wa ló fi tábìlì Ibafo ṣe mí yẹ̀yẹ́, jẹ́ kí n fi ṣe ọ́ láǹfààní. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo rò pé kò sí kápẹ́ńtà mìíràn láyé. Bàbá kan ní Ibafo ní kí n ṣe tábìlì tí gbogbo ọmọ òun yóò lè jókòó yí ká. Mo fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé, ìlà náà dára, mo fi ìrókò kàn án, mo fi lọ́rì gbé e lọ. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A fì í síbí, a fì í sọ́hùn-ún, kò gbà. Ìgbéraga kò jẹ́ kí n gé ẹsẹ̀ tábìlì. Ògiri bàbá olóore ni mo ní kí wọ́n wó. Títí di òní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, wọn yóò máa pè mí ní Bàbá Wó-Ògiri. Mo wọn igi, mo wọn èrò inú mi, mi ò dé ilé ẹni tó fẹ́ lo nǹkan náà. Àlàó, kí o tó fa ìlà kankan sórí ìwé, kọ́kọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìkẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù lọ, ó ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ pàápàá.

O rántí àpótí tí Ìyá Àgbà ń jókòó lé nídìí àdìrò? Èmi ni mo ṣe é. Orúnkún wọn ṣì le nígbà náà, wọ́n fẹ́ ohun tó lọ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa dáná láìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ó dára, wọ́n súre fún mi. Ara wọn wá yí padà, àpótí kò yí padà. Orí àpótí yẹn ni wọ́n ti fẹ́ dìde tí wọ́n fi ṣubú. Ìdí wọn wú, wọn ò lè rìn fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ìgbà tí ajá bá sì gbó lójú ọ̀nà ni mo ń rò pé oníṣẹ́ ló ń bọ̀ láti Mowe. Wọ́n ṣì ń jókòó lé e. Wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí n kó o lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ṣe é.

Gbọ́ mi dáadáa. Àpótí kan ṣoṣo ni, ìyá kan ṣoṣo ló gbé ṣubú, mo sì mọ ojú ọ̀nà tí n ó gbà lọ bẹ̀ wọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe tìrẹ. Bí ìlà kan bá wọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀rọ yóò wọ́ ọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lọ́rì àti ọkọ̀ ojú omi yóò kó o lọ sí ibi tí o kò dé rí, ìyá onílé-onílé yóò jókòó lé e. Wọn ò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò mọ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò wá sọ fún ọ pé àga rẹ gbé òun ṣubú. Mo bẹ̀ ọ́, máa bẹ̀rù. Èmi ò ní kí o má ṣe iṣẹ́ náà. Jẹ́ kí ẹ̀rù wà lọ́wọ́ rẹ bí pẹ́ńsùlù ṣe wà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ̀gá iléeṣẹ́ náà bá ń sọ pé kí o yára, tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó gbé e fún wọn, kódà bí ojú rẹ̀ bá korò.

Ó kù díẹ̀, mi ò sì mọ iye tí mo kà dé mọ́. Má ṣe wọ aṣọ tó ní apá gbàgẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ. Ìka tó bá já kì í hù. Wọ súwẹ́tà tí ìyá rẹ hun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Má ṣe jẹ́ kí òtútù fi ọ́ sílé lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀, wá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ní ti ìyàwó, mo gbọ́ pé ẹ̀yin tí ojú yín ti mọ ìlà wíwò máa ń ṣe fínnífínní. Má lọ gbé ọ̀pá ti ọmọlọ́mọ o. Ẹni tó bá lè jókòó pẹ̀lú rẹ nígbà tí iṣẹ́ kò lọ dáadáa, òun ni kí o mú wá. Má sì jẹ́ kí iléeṣẹ́ yẹn dùn mọ́ ọ títí o kò fi ní padà wálé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ni n ó ti máa rí ọ.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa ìwọ̀n tí o ní kí n bá ọ mú, nítorí mo mọ̀ pé òun lò ń dúró dè.

Mo lọ. Ìyá rẹ ló lé mi jáde nílé. Ó ní bí ọmọ òun bá kùnà ìdánwò nítorí ẹ̀rù bàbá rẹ̀, òun ò ní dákẹ́. Mo fi àkísà wé ọ̀pá ìwọ̀n, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo gba ọ̀nà oko lọ sí Mowe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró lójú ọ̀nà tí mo fẹ́ yí padà.

Mo bá Ìyá Àgbà níwájú ilé. Òjò ti jẹ pèpéle ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ìyàwó aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Sàfúrátù ti po amọ̀ kalẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà alára jókòó sórí àpótí yẹn, wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí kò dán. Bí wọ́n ti rí mi ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dìde. Àlàó, ká ní o rí i ni. Wọ́n fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, wọ́n fi èkejì wá ògiri, wọ́n dáwọ́ dúró láàárín, wọ́n mí, wọ́n tún gbìyànjú. Mo sáré lọ dì wọ́n mú. Wọ́n já ọwọ́ mi kúrò.

“Fi mí sílẹ̀, Àkànní. Mi ò tíì di ẹrù.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mo ní, “Délé ní kí n kí yín. Ó ní òun fẹ́ ṣe àga fún yín, èyí tí ẹ ó lè dìde lórí rẹ̀ fúnra yín.”

“Nílùú òyìnbó níbẹ̀? Ta ni yóò gbé e wá?”

“Òun náà ni, mà. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bá òun wo bí ẹsẹ̀ yín ṣe gùn tó.”

Ojú wọn kúrò lára mi, ó lọ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. “Kí lo wé sínú àkísà yẹn?”

Mi ò lè parọ́ fún wọn. “Ọ̀pá ìwọ̀n ni, mà.”

Sàfúrátù dáwọ́ rírẹ́ amọ̀ dúró.

“Ṣé èyí tó o fi wọn bàbá rẹ ni?”

“Òun náà ni, mà.”

Ìwọ kò bá bàbá àgbà rẹ láyé. Èmi ni mo kan pósí wọn. Mo tẹ́ ọ̀pá yẹn lé wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, Ìyá Àgbà sì jókòó sí igun yàrá, wọ́n ń wò mí. Láti ọjọ́ náà a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. “Jẹ́ kó wà lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Wá gbé amọ̀.”

Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ni. Wọ́n ní kí n kó amọ̀ lé apá kan pèpéle. Mo kó o. Wọ́n ní kó tún ga díẹ̀ sí i. Mo wá gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé e lórí kó má baà tẹ̀, mo tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e nítorí ìró wọn. Wọ́n jókòó lé e. “Ó ti ga jù, ẹsẹ̀ mi ń fì dìrọ̀dìrọ̀.” Mo bù ú kúrò. Wọ́n tún jókòó. “Ẹ̀yìn rẹ̀ jìn jù, ó ń gbé mi mì.” Mo dí i. Wọ́n ní kí n mọ òkìtì kéékèèké méjì sí ọ̀tún àti òsì, ibi tí àwọn yóò fi ọwọ́ tì. Mo mọ ọ́n, wọ́n ní kò dáa, mo tún un mọ. Oòrùn ń pa mí, amọ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, Sàfúrátù ń fi mí rẹ́rìn-ín pé kápẹ́ńtà ti di mọlémọlé.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti òkìtì náà, wọ́n dìde.

Wọ́n dìde, Àlàó! Kò sí ọwọ́ ní ògiri, kò sí ìmí ẹ̀dùn láàárín. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi ọwọ́ alámọ̀ nu ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o kọ, pé amọ̀ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ fi ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ká ní o kò kọ ọ́ ránṣẹ́ ni, amọ̀ lásán ni ǹ bá rí, n kì bá tí mọ̀ pé àga rẹ ni mo dúró tì.

“Nígbà tó bá gbẹ,” Ìyá Àgbà wí, “wá wọn pèpéle. Pèpéle kì í kú.”

Nígbà tó gbẹ, mo padà lọ. Èmi ò tilẹ̀ gbé ọ̀pá. Òwú tí Ìyá Àgbà ran fúnra wọn ni mo fi wọn pèpéle, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Òwú funfun jẹ́ láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó. Èyí tí wọ́n rẹ láró jẹ́ láti ẹ̀yìn ìjókòó dé iwájú. Èyí tí mo ta kókó sí lẹ́nu méjèèjì jẹ́ láti orí ìjókòó dé ibi tí wọ́n fi ọwọ́ tì. Má fà wọ́n kí wọ́n má baà gùn ju bó ṣe yẹ. Mi ò kọ ìwọ̀n kankan sílẹ̀, má sì bínú sí mi. Mi ò lè fi pẹ́ńsùlù yìí kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá mi.

Bí mo ti ń ká òwú náà, Ìyá Àgbà jókòó sórí pèpéle wọn tuntun, wọ́n ń wò mí bí wọ́n ti wò mí lọ́jọ́ bàbá mi.

“Àkànní, ẹ̀rù ọ̀pá yẹn ń bà ẹ́.”

“Ó ń bà mí, mà.”

“Ọ̀pá kì í pa èèyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá dé, má gbé mi fún kápẹ́ńtà mìíràn o. Ìwọ ni kó o wọ̀n mí. Má sì fi òwú wọ̀n mí, kó má lọ há mọ́ mi léjìká.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ń wúkọ́. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ìyá rẹ ti rí i kí n tó rí i, pé kì í ṣe òfin iṣẹ́ ló dá mi dúró. Ọjọ́ yẹn ni mò ń bẹ̀rù, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀, kò sì sí ìmọ̀ràn kankan tí mo lè fún ọ nípa rẹ̀.

Ọ̀pá ti padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo yí bẹ́ǹṣì mi padà, kí n lè máa kọ ẹ̀yìn sí i bí mo bá ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àga tìrẹ àti ọ̀pá tèmi, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni àwọn méjèèjì ń lọ.

Jẹ́ kí àga ṣáájú, ọmọ mi.

Èmi bàbá rẹ,
Jòsáyà Àkànní